Ìwé Ìlọrin Wà ní Kàdúná: Ta Ló Ń Lọ Kà Á?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí pé mo pè é ní ọ̀rọ̀ ìwé kí ẹ ṣí ojú ewé yìí kọjá o. Irú ìwé tí mo ń wí yìí ni wọ́n fi ń gba ilẹ̀ ní kóòtù, òun ni ìdílé fi ń jà fún oyè bàbá wọn, òun náà ni ọmọ wa fi ń gba oyè ní yunifásítì.

Ohun tó ká mi lára nìyí. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe ìwádìí lórí ìtàn àti àṣà ilẹ̀ wa máa ń di ẹrù wọn láti ìhín, wọ́n á ní Ìbàdàn làwọn ń lọ, àwọn fẹ́ lọ wá ìwé nípa Ìlọrin, nípa Ọ̀fà, nípa Ìgbómìnà tàbí nípa àwọn ará Ọ̀kun ní Kàbà. Wọ́n á náwó ọkọ̀, wọ́n á wá ibi tí wọn yóò sùn, wọ́n á sì dé ilé tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba pa mọ́ sí ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń wá kò sí lọ́dọ̀ àwọn, pé Kàdúná ló wà. Ẹni tó ń wá ohun tó wà lápò ara rẹ̀ kiri ìlú ni ọ̀rọ̀ yìí jọ lójú mi.

Kí ló fà á tí ìwé Ìlọrin fi wà ní Kàdúná? Nígbà tí òyìnbó pín ilẹ̀ yìí ní ọdún 1900, wọ́n fi Ìlọrin àti Kàbà sí apá Àríwá. Láti ìgbà náà lọ, ajẹ́lẹ̀ tó wà ní Ọ̀fà tàbí ní Kàbà kì í kọ lẹ́tà sí Ìbàdàn. Ọ̀gá rẹ̀ ní Ìlọrin tàbí ní Lọ́kọ́ja ló ń kọ ọ́ sí, ọ̀gá náà á sì kọ tirẹ̀ sí olú ọ́fíìsì ìjọba Àríwá, tó wá fìdí kalẹ̀ sí Kàdúná. Nígbà tó yá tí wọ́n ń kó àwọn ìwé wọ̀nyẹn jọ, olúkúlùkù ìwé tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀. Ìwé Ọ̀yọ́, ti Abẹ́òkúta àti ti Oǹdó lọ sí Ìbàdàn. Ìwé Ìlọrin àti Kàbà wá sí Kàdúná.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ohun tí mo fẹ́ wí. Ìwé kì í sábàá gbé ní ìlú tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́, tàbí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, ló máa ń gbé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń bèèrè pé, “Níbo ni ìtàn Ọ̀fà wà?” lè rìn títí kó má rí nǹkan. Èyí tó bá bèèrè pé, “Ta ló ń ṣèjọba Ọ̀fà nígbà náà, ta ló ń kọ̀wé, ta ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí?” kò ní í pẹ́ dé ibi tó ń lọ.

Ẹni tó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Yorùbá pàápàá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Onwuka Dike ni, ọmọ Igbo láti Awka. Ní 1951 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọ́fíìsì ìjọba kan sí òmíràn káàkiri Nàìjíríà, ó ń wo ipò tí àwọn ìwé àtijọ́ wà. Ikán ti jẹ òmíràn, ọ̀rinrin ti ba òmíràn jẹ́. Ìròyìn tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1954, ọdún yẹn náà ni ìjọba sì dá ilé ìkówèépamọ́ sílẹ̀. Òfin tó gbé e ró jáde ní 1957. Òun ni a mọ̀ sí National Archives lónìí. Ìbàdàn, Kàdúná àti Enugu ni ẹ̀ka rẹ̀ mẹ́ta tó lágbà jù. Orúkọ Dike yìí náà ni wọ́n fi sọ ilé-ìkàwé ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tó jẹ́ pé ní 1950 ni òfin ní kí àwọn tó ń tẹ ìwé ní Nàìjíríà máa fi ẹ̀dà ìwé wọn ránṣẹ́ sí.

Ní Kàdúná níbí, ẹni tó bá wọlé yóò rí i pé olúkúlùkù fáìlì ló ní àmì tirẹ̀. ILORPROF ni àwọn fáìlì tó ti ọ́fíìsì ẹkùn Ìlọrin wá. LOKOPROF ni ti Lọ́kọ́ja, níbi tí ọ̀rọ̀ Kàbà wà. SNP sì ni ti olú ọ́fíìsì ìjọba Àríwá fúnra rẹ̀. Ní Ìbàdàn, OYO PROF, ONDO PROF àti ABE PROF ni wọ́n ń pè wọ́n, CSO sì ni ti olú ọ́fíìsì ìjọba Nàìjíríà ní Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti mọ àmì yìí kó tó gbéra ti dín ìyà rẹ̀ kù ní ìlàjì.

Kí ló wà nínú wọn? Ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ẹ̀sùn tí àwọn baálẹ̀ àti àwọn ọmọ oyè kọ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó orí, ọ̀rọ̀ ààlà, ọ̀rọ̀ ọjà àti ti ọ̀nà wà níbẹ̀. Àwọn ìròyìn gígùn tí àwọn ajẹ́lẹ̀ kọ ní àwọn ọdún 1930 náà wà níbẹ̀, nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n lọ wádìí bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀dó, ta ló ń jọba, ta ló ń fi í jẹ, àti bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀. Ní 1929, òyìnbó Hermon-Hodge tẹ ìwé kan jáde lórí gbogbo ẹkùn Ìlọrin, Gazetteer of Ilorin Province, tí àwọn olùwádìí ṣì ń lò títí dòní.

Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ló wà nítòsí wa. Arewa House wà láàrin ìlú yìí, ilé tí Sàdáúnà Ahmadu Bello gbé nígbà ayé rẹ̀. Láti 1970 ló ti di ibi ìwádìí ìtàn, abẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ló wà, ó sì ní ìwé ìjọba Àríwá lọ́wọ́. Ní Zaria, yunifásítì náà ní àkójọ ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá. Ẹ má sì rò pé ti Haúsá àti Fúlàní nìkan ni Lárúbáwá. Ní 1912, Ahmad ọmọ Abubakar, ọ̀kan lára àwọn ààfáà Ìlọrin, fi èdè Lárúbáwá kọ ìtàn àwọn ẹ́míà Ìlọrin. Yunifásítì Ìbàdàn náà dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 1964 láti máa ya àwòrán irú ìwé bẹ́ẹ̀ pa mọ́. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ Lárúbáwá ní ilẹ̀kùn kan lọ́wọ́ tí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò lè ṣí. Àwọn ọmọ wa tó jáde ní ilé-kéú kí wọ́n tó lọ sí yunifásítì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹrù iyebíye ni wọ́n rù.

Ẹ jẹ́ kí a tún fi kọ́kọ́rọ́ wa yẹn ṣí ilẹ̀kùn mìíràn. Kí òyìnbó ìjọba tó dé, àwọn oníwàásù ti dé. Ta ni wọ́n ń kọ̀wé sí? Àwọn ọ̀gá ìjọ wọn nílùú Lọ́ńdọ̀nù ni. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí àwọn oníwàásù CMS kọ láti Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ fi wà ní Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa bíi Samuel Johnson, Daniel Olubi àti James White wà lára àwọn tó ń kọ ọ́, ohun tí ojú wọn rí lójoojúmọ́ ni wọ́n sì ń kọ. Inú ìwé wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n J. D. Y. Peel ti yọ púpọ̀ nínú ohun tó kọ sínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ẹ̀sìn àti ìran Yorùbá, tó jáde ní 2000. Èyí tí ìjọ náà fi sílẹ̀ sílé níhìn-ín wà ní National Archives Ìbàdàn, àmì CMS (Y) ló wà lára rẹ̀. Ìwé tí àwọn gómìnà Èkó kọ sí ọ̀gá wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní Kew, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ àmì CO 147. Ti Àríwá wà lábẹ́ CO 446.

Orin àti àwòrán náà ń tẹ̀lé ẹni tó gbà wọ́n sílẹ̀. Ní 1940 sí 1941, Lorenzo Dow Turner, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, gba ohùn àwọn àrọ́mọdọ́mọ Yorùbá sílẹ̀ ní Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil. Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà ni ohùn wọ̀nyẹn wà lónìí. Pierre Verger, ọmọ Faransé tó fi Bahia ṣe ilé títí tó fi kú ní 1996, ya àwòrán tó lé ní 60,000, púpọ̀ nínú wọn láti ilẹ̀ Yorùbá, Benin àti Brazil. Salvador, ní Bahia níbẹ̀, ni wọ́n wà.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, “Gbogbo rẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ni mo ń wá lọ síbi ìwé eléruku?” Òótọ́ ni pé díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwé Johnson àti ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Ajayi Crowther ṣe ní 1852 wà ní archive.org lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá ní fóònù lè kà wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn fáìlì Ìlọrin àti Kàbà tí mo sọ yìí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ bá wọn. Ìtàn tí a ń fi ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp kò lè dípò wọn, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kò ní ọdún, kò sì ní ibi tí a lè tọ̀ ọ́ lọ.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ lọ, ẹ sọ fún un pé kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ tàbí iléeṣẹ́ rẹ̀, kó mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kó sì mú owó díẹ̀ tí wọn yóò fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kó mú pẹ́ńsù lọ́wọ́, nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n mú yíǹkì súnmọ́ ìwé àtijọ́. Kó tó ya fọ́tò, kó gba àṣẹ. Kó kọ́kọ́ bèèrè fún ìwé tí wọ́n to orúkọ fáìlì sí, kó sì wá orúkọ ìlú rẹ̀ bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́ láyé ìjọ́un, nítorí ó lè máà rí bí àwa ṣe ń kọ ọ́ lónìí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kó kí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ti ń gbé fáìlì fún ogún ọdún mọ ohun tí kò sí nínú ìwé atọ́nà kankan.

Mo tún ní ìkìlọ̀ kan. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ìwé ajẹ́lẹ̀ wá sílé bí ẹni gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ajẹ́lẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu ògbufọ̀ ló ti ń gbọ́rọ̀. Ìdílé tó bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń rò tirẹ̀ fún un, ìdílé tó bínú jókòó sílé kò rí ìwé kankan. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí a bá ti rí ìwé, ó yẹ kí a tún padà lọ bá àwọn arọ́kin, àwọn tó mọ oríkì ìdílé àti àwọn ìyá àgbà, kí a gbé ọ̀rọ̀ ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé. Àwọn àgbà ti ṣe é rí. Ní 1956 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Saburi Biobaku bẹ̀rẹ̀ sí í darí ètò ìwádìí ìtàn Yorùbá, ìwé tó sì kó jọ, Sources of Yoruba History, jáde ní 1973. Ibi tí a ti lè rí ìtàn wa, ìbáà jẹ́ nínú ìwé, nínú oríkì tàbí nínú iṣẹ́ ọnà, ni ìwé náà dá lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé kí ìjọba kó ìwé Ìlọrin àti Kàbà kúrò ní Kàdúná, kí wọ́n dá a padà sílé. Èmi kò fara mọ́ ọn. Fáìlì kan ń pe èkejì ni. Lẹ́tà wà nínú ILORPROF tí èsì rẹ̀ wà nínú SNP. Bí a bá yà wọ́n, a ti gé ọ̀rọ̀ sí méjì. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a máa bèèrè ni ẹ̀dà. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara àti ti Kogi bá National Archives ṣe àdéhùn, kí wọ́n san owó rẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán àwọn fáìlì wọ̀nyẹn pátá, kí ẹ̀dà kan wà ní Ìlọrin, kí òmíràn wà ní Lọ́kọ́ja, kí ojúlówó sì dúró síbi tó wà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé Johnson yẹn, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀dà kì í ṣe àwàdà. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀, ó sì sọnù sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n gbé e fún. Johnson kú ní 1901. Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tó tún un kọ. Nígbà tó tún fi í ránṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916, àwọn ológun ojú omi Jámánì gba ọkọ̀ Appam tó gbé e lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó tún gbúròó ìwé náà. Ní 1921 tó jáde, Obadiah pàápàá ti kú. Ìwé tí gbogbo wa fi ń yangàn yìí, díẹ̀ ló kù kó má sí láyé, nítorí pé ẹ̀dà rẹ̀ kò pọ̀.

Ní ti àwa tí a wà ní Kàdúná, iṣẹ́ wa kò ju agbára wa lọ. Kí ẹgbẹ́ Yorùbá yan èèyàn mẹ́ta tí yóò mọ ọ̀nà ilé ìwé wọ̀nyí dunjú, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Kàbà wá rí ẹni mú un lọ, kó sì rí ibi sùn fún ọ̀sẹ̀ kan. A ń náwó lórí aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Ìdámẹ́wàá owó náà tó fún èyí. Kí àwọn olùkọ́ wa máa kó àwọn ọmọ girama lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí lẹ́tà tí ọba ìlú wọn kọ.

Èyí tó kù ni ti ilé wa. Ojú irin dé Kánò ní 1911, àwọn èèyàn wa sì wà lára àwọn tó bá a wá sókè yìí, òṣìṣẹ́ rélùwéè, akọ̀wé, oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́. Ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ wọn dà? Ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó, rìsíìtì ilẹ̀, fọ́tò ọjọ́ ìsìnkú dà? Nínú rògbòdìyàn 2000 ní ìlú yìí, ilé jó, ṣọ́ọ̀ṣì jó, mọ́ṣáláṣí jó, ohun tó wà nínú wọn sì bá iná lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ikán ló ń kà á. Mo ti sọ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ìwé ni ìwé ń gbé. Ẹni tí kò bá kọ nǹkan kan, tàbí tó kọ ọ́ tí kò pa á mọ́, ẹnu ẹlòmíràn ni wọn yóò ti máa gbọ́ ìtàn tirẹ̀. Ní ìlú tí wọ́n ti ń bi ọmọ léèrè bóyá onílé ni tàbí àlejò, kí ni ọmọ-ọmọ wa yóò fà yọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi í pé ìgbà wo ni bàbá-ńlá rẹ̀ dé?

Ẹ ṣí àpótí yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ nu eruku rẹ̀, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò, kí ọmọ tó mọ fóònù lò ya àwòrán ìwé ìpàdé ní ojú ewé-ojú ewé, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni méjì tí kì í gbé ilé kan náà. Tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá sì fẹ́ gbé ìwé fún akọ̀wé tuntun, kí ó kà á lójú ìpàdé iye tó gbé sílẹ̀.